Ìṣẹ́jú Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Ìròyìn Burúkú: Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Tún Àṣà Ibi Iṣẹ́ Yín Ṣe Kí Ìmọ̀ Lè Máa Rìn

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, kò jókòó. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Fáìlì tí mo fi ránṣẹ́ sí oníbàárà láàárọ̀, ti ọdún tó kọjá ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni."

Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan sí i ni àṣà iléeṣẹ́ yín. Bẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, tẹ́ ẹ mí kanlẹ̀, tẹ́ ẹ wá ní, "Ìwọ náà ni lẹ́ẹ̀kan sí i?", àwọn tó wà níta ti gbọ́. Wọ́n ń tẹ kọ̀ǹpútà wọn bí ẹni tí kò fetí sí nǹkan kan, àmọ́ gbogbo wọn ti kọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà: bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí mi, màá kọ́kọ́ wá ọ̀nà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ò kọ òfin kankan, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí, òfin sì ti wà.

Mo ti ṣe alábòójútó níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé, mo sì ti jẹ́ ọmọ abẹ́ ọ̀gá púpọ̀ kí n tó débẹ̀. Ẹni tí mo ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ni ẹni tó ń darí èèyàn márùn-ún, mẹ́wàá tàbí ọgbọ̀n, tó ti ṣàkíyèsí pé wọn kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òun mọ́, pé àṣìṣe kan náà ń padà wá, pé bí ẹnì kan péré bá gba ìsinmi, apá kan iṣẹ́ á dúró gbagidi.

Edgar Schein, ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, pín àṣà iléeṣẹ́ sí ìpele mẹ́ta. Èkíní ni ohun tí ojú ń rí: bí wọ́n ṣe to tábìlì, bí wọ́n ṣe ń múra, ta ló ń jókòó níbo. Èkejì ni ohun tí iléeṣẹ́ ń fẹnu sọ pé òun gbà gbọ́. Ẹ̀kẹta ni ohun tí gbogbo èèyàn ti gbà láìsọ, tó ti wọ̀ wọ́n lára débi pé wọn ò mọ̀ mọ́ pé àwọn gbà á. Ẹ̀kẹta yìí ló ń ṣiṣẹ́. Bí ìwé ara ògiri bá ní ilẹ̀kùn ọ̀gá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, tí gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé lóṣù tó kọjá ṣì ń jìyà rẹ̀, ilẹ̀kùn náà lè ṣí sílẹ̀ di alẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka iye ọjọ́ tí ìròyìn burúkú fi ń rìn

Ẹ má tíì pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn tó ń bẹ̀rù kì í kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé òun ń bẹ̀rù, àgàgà bó bá rò pé wọ́n lè dá ọwọ́ ìkọ̀wé òun mọ̀. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ rántí àṣìṣe mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ mọ̀, ọjọ́ tí ẹ̀yin mọ̀, àti ẹnu ẹni tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo ṣe tèmi, èyí tó dùn mí jù ni ti èèpo ìwé kan tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ìgéwèé ti rí i láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ẹtì ni mo tó gbọ́, ẹnu oníbàárà ni mo sì ti gbọ́ ọ. Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ ti rí i ni." Àwa méjèèjì la mọ̀ pé kì í ṣe ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Àlàfo ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò. Bó bá jẹ́ wákàtí ni tiyín, ẹ ń ṣe dáadáa. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀, kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ lè sanwó fún tí yóò ràn yín lọ́wọ́, nítorí ohun táwọn èèyàn yín ti mọ̀ gan-an kò rọ́nà jáde.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé tó mọ́ jù. Nínú àwọn ọdún 1990, Amy Edmondson, tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, lọ ṣèwádìí ní ọsibítù lórí àṣìṣe oògùn. Ó rò pé àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó mọwọ́ ara wọn ni àṣìṣe wọn yóò kéré jù. Òdì ni ìṣirò náà gbé jáde: àwọn ẹgbẹ́ tó dára ni àṣìṣe wọn pọ̀ nínú ìwé. Nígbà tó tú u wò, ó rí i pé àwọn wọ̀nyí ò kúkú ṣàṣìṣe ju àwọn yòókù lọ, ẹnu wọn ló gbà á láti sọ ọ́. Ní 1999 ló tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ìfọ̀kànbalẹ̀ inú ẹgbẹ́, ìyẹn ni kéèyàn mọ̀ pé bí òun bá béèrè, bí òun bá jẹ́wọ́, bí òun bá ta ko èrò ọ̀gá, wọn ò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò sì ní fìyà jẹ òun. Bí ìwé àṣìṣe tiyín bá mọ́ lóló, ẹ má tíì jó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ṣe

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí jù, torí bí ibí yìí ò bá gún, ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí á kàn di fọ́ọ̀mù tuntun tí wọ́n á máa kùn sí. Ẹ kọ́ gbólóhùn mẹ́ta sórí, kẹ́ ẹ máa sọ wọ́n tẹ̀ léra báyìí:

"O ṣeun tó o tètè sọ."

"Kí la ṣì lè gbà là nínú ẹ̀?"

"Kí lo fẹ́ kí n bá ẹ ṣe?"

"Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀" ṣì ń bọ̀, àmọ́ ó di ọ̀la. "Ta ló ṣe é" ni kẹ́ ẹ gbé sẹ́yìn pátápátá. Ní kété tẹ́ ẹ bá ti béèrè "ta", ọkàn gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á di ọkàn agbẹjọ́rò: ohun tí yóò gba olúwarẹ̀ sílẹ̀ ni yóò máa wá, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an á sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ojú àti ọwọ́ yín náà ń sọ̀rọ̀ o. Mo bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ rí tó máa ń ní "kò burú, kò burú", táá sì máa fi bírò gbá tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́. Bírò yẹn là ń gbọ́. Mo rí àṣìṣe kan nínú ìṣirò tó fẹ́ lò, mo sọ fún un níwájú àlejò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wò ó, ọ̀jọ̀gbọ́n ti dé." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni mo sọ, ó sì tún ìṣirò náà ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Àmọ́ mi ò tún la ẹnu mi níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́jọ. Mo dá a lóhùn bó bá bi mí ní nǹkan, mo ṣiṣẹ́ mi dáadáa, ohun tí mo bá rí, mo gbé e mì.

Ní iléeṣẹ́ Toyota, fún ọ̀pọ̀ ọdún, okùn kan wà lókè ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá rí àléébù lè fà á. Iná á tàn, olórí ẹgbẹ́ á sáré wá, bí wọn ò bá sì rí i yanjú kí ọkọ̀ náà tó kúrò ní àyè òṣìṣẹ́ náà, iṣẹ́ á dúró. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n lọ so okùn, kò sẹ́ni tó fà á. Agbára okùn náà wà lára ẹni tó ń sáré wá: ó ń bọ̀ wá ràn yín lọ́wọ́ ni, kò gbé ẹjọ́ bọ̀.

Ẹni tó bá rò pé ìwà èèyàn ni kò ṣeé yí padà, kó gbọ́ ti Fremont. General Motors ní iléeṣẹ́ kan níbẹ̀, ní California, tí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́: àwọn òṣìṣẹ́ kì í wá síbi iṣẹ́, ìjà àwọn àti ọ̀gá kì í tán, ọkọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ kò gún. Wọ́n tì í ní 1982. Ní 1984, General Motors àti Toyota jọ ṣí i padà, wọ́n pè é ní NUMMI, púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n sì gbà padà. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ fi di ọ̀kan lára àwọn tó dára jù lọ́wọ́ General Motors. Ilé kan náà ni, èèyàn kan náà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Láyé àtijọ́, èèwọ̀ ni kí iṣẹ́ dúró. Ọkọ̀ tó ní àléébù á kọjá lọ, wọ́n á wá máa tún un ṣe níta. Lẹ́yìn tí Toyota dé, ẹni tó dá iṣẹ́ dúró nítorí àléébù ni wọ́n ń sáré lọ bá pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́.

Ẹnì kan á ní, "Ṣé gbogbo àṣìṣe la ó wá máa dúpẹ́ fún?" Rárá o. Ẹni tó mọ òfin ààbò, tó fojú fò ó nítorí kó lè tètè relé, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bo nǹkan mọ́lẹ̀ náà, tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ ààlà náà kó tó dọjọ́ ìjà: àṣìṣe téèyàn sọ kò ní ìyà, èyí téèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi pa mọ́ ní. Kẹ́ ẹ sì dúró lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí àṣìṣe tí wọ́n sọ náà bá ná yín lówó gidi.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń pinnu owó oṣù àti ìgbéga, ẹ wá ẹlòmíì tí wọ́n á kọ́kọ́ máa sọ fún. Àwọn onímọ̀ nípa ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà ti mọ èyí tipẹ́. Láti 1976 ni awakọ̀ òfuurufú ti lè kọ̀wé nípa àṣìṣe tara rẹ̀ sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní ASRS. NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn àjò gbalasa òfuurufú, ló ń gba ìwé náà, tí ń yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀. FAA, àjọ tó láṣẹ láti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni, kọ́ ló ń gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọ̀gá ni kó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, 1977, ọkọ̀ òfuurufú Boeing 747 méjì kọlu ara wọn lójú ọ̀nà ìgbéra ní Tenerife, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Spain. Èèyàn 583 ló kú. Kùrukùru ti bo ilẹ̀. Nínú ọkọ̀ KLM, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti Netherlands, tó ti ń sáré láti gbéra, ẹnjiníà inú ọkọ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ kejì kò tíì kúrò lójú ọ̀nà ni. Ọ̀gá awakọ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún jù ní iléeṣẹ́ náà, dáhùn tìdánilójú-tìdánilójú pé ó ti kúrò. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ohun tó dá ìjàǹbá yẹn sílẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ ìbéèrè tó yẹ kó gbà wọ́n là ti jáde lẹ́nu ẹnì kan, ipò ẹni tó dáhùn ló pa á. Lẹ́yìn ìjàǹbá yìí àti irú rẹ̀ mìíràn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú ní ohun méjì pọ̀: kí ọ̀gá máa fetí sílẹ̀, kí ọmọ abẹ́ sì máa tẹnu mọ́ ohun tó rí.

Níbi iṣẹ́ tiyín, ẹ ṣe é báyìí. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ìbéèrè jẹ́, kẹ́ ẹ fún gbogbo èèyàn ní ìṣẹ́jú méjì láti kọ èrò wọn sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó dé ibi iṣẹ́ gbẹ̀yìn ni kó kọ́kọ́ ka tiẹ̀, kí ọ̀rọ̀ máa gòkè bọ̀, kẹ́ ẹ̀yin kẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ sọ tiyín, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn ara yín láti ẹnu èèyàn mẹ́wàá.

Ẹ tún fún wọn ní gbólóhùn kan tí ẹnikẹ́ni lè sọ láìjẹ́ pé ó rí ọ̀gá fín. Tiwa ni: "Ẹ jẹ́ ká dúró lórí èyí ná." Gbogbo wa ti fẹnu kò pé bí ẹnì kan bá sọ ọ́, a ó dúró, ìbáà ṣe ọmọ ọjọ́ mẹ́ta níbi iṣẹ́. Torí àdéhùn ni, kì í ṣe àfojúdi. Nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan aláìsàn ni kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá sọ orúkọ ara wọn àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹni tó ti la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, ìkejì kì í wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jókòó lẹ́yìn iṣẹ́, fún ogún ìṣẹ́jú

Ológun Amẹ́ríkà ló sọ èyí di àṣà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn láti àwọn ọdún 1970 síwájú. Ìbéèrè mẹ́rin ni: Kí la fẹ́ kó ṣẹlẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló fa ìyàtọ̀? Kí la máa ṣe lọ́jọ́ mìíràn? Ẹ ṣe é kí ọjọ́ méjì tó kọjá, kí ìrántí má baà di ìtàn. Ẹ ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ tó yọrí sí rere náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú ẹjọ́ ni wọ́n á fi máa wò ó. Ìdáhùn ìbéèrè kẹrin gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹnì kan àti ọjọ́. "A ó máa ṣọ́ra" kì í ṣe ìdáhùn.

Ìbéèrè kẹta ló máa ń ṣòro, torí ìdáhùn àkọ́kọ́ tó bá wá sẹ́nu sábà máa ń jẹ́ orúkọ èèyàn. Sakichi Toyoda, ẹni tí ìran Toyota ti ṣẹ̀, ni wọ́n ń pe ìlànà "kí ló dé" ẹlẹ́ẹ̀marùn-ún mọ́. A lò ó fún èèpo ìwé ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Kí ló dé tí iṣẹ́ fi pẹ́? A ní láti tún èèpo tẹ̀. Kí ló dé tá a tún un tẹ̀? Àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí àpẹẹrẹ tí oníbàárà fọwọ́ sí. Kí ló dé tó fi yàtọ̀? Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kò fi wé àpẹẹrẹ náà. Kí ló dé tí kò fi wé e? Àpẹẹrẹ náà wà nínú tábìlì tí wọ́n tì pa. Kí ló dé tí wọ́n fi tì í pa? Torí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ń bẹ̀rù pé wọ́n á sọ ọ́ nù.

Èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́.

Ká ní a dúró ní ìdáhùn kẹta ni, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ni à bá bú, àpẹẹrẹ á sì ṣì wà nínú tábìlì mi. Àwọn kan máa ń bá "kí ló dé" wọn lọ títí tí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, wọ́n á sì yà bàrá. Bẹ́ ẹ bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá wọn sọ èyí tó kàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fa ìmọ̀ jáde lọ́wọ́ ẹni kó tó bá a lọ

Bàbá kan wà nídìí ẹ̀rọ wa tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. A ní kó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀. Ó kọ ojú ìwé kan ààbọ̀, ó lẹ́wà, ó mọ́ ketekete. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíì kọ́kọ́ lò ó, ìwé há sínú ẹ̀rọ nígbà mẹ́rin kí ó tó di ọ̀sán. Mo wá lọ jókòó ti Bàbá. Mo rí i pé kó tó kó ìwé sí ẹ̀rọ, ó máa ń di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, á fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ́tí.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń gbọ́ yẹn?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bó ṣe ń mí. "Èyí ò gbẹ. Bó bá gbẹ, á dún ṣàà. Èyí ń dún bí aṣọ."

Kò fi í pa mọ́ fún wa. Kò mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́, tí kò tíì dé ẹnu, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ó sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà iṣẹ́ ju èyí tó wà nínú ìwé lọ.

Ikujiro Nonaka, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Japan, sọ irú ìtàn yìí nípa iléeṣẹ́ Matsushita. Nínú àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun tó sì ń yan búrẹ́dì nínú ilé. Búrẹ́dì náà kò dára, ẹ̀yìn rẹ̀ ń jó jù nígbà tí inú rẹ̀ kò tíì jinná. Wọ́n tiẹ̀ fi X-ray wo ìyẹ̀fun tí ẹ̀rọ pò àti èyí tí èèyàn pò, wọn ò rí nǹkan kan mú. Ọ̀kan lára wọn, Ikuko Tanaka, wá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olórí àwọn alábúrẹ́dì ní Osaka International Hotel. Ó ṣàkíyèsí pé bí ọkùnrin náà ṣe ń fa ìyẹ̀fun gùn ló ń lọ́ ọ. Lórí ohun tó rí yìí ni wọ́n tún inú ẹ̀rọ ṣe.

Nítorí náà, ẹ má ní kí àgbà iṣẹ́ kọ nǹkan. Ẹ fi ẹni tuntun tì í, kí àgbà máa ṣiṣẹ́, kó máa sọ ohun tó ń ṣe bó ṣe ń ṣe é, kí ẹni tuntun máa kọ ọ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni tuntun ni kó ṣe é, kí àgbà fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń yún un láti gba iṣẹ́ náà ni ohun tí kò tíì sí nínú ìwé wà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnì kẹta tí kò sí níbẹ̀ rí ní ìwé náà, kó lò ó láìbi ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Bó bá ṣe é já, ìwé náà ti pé. Tiwa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ìwé kan ààbọ̀ sì di mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ̀ ń san ẹ̀san fún

Kúkúrú ni tibí. Ẹni tó ń di ìmọ̀ mú lè máà ní ìkà nínú rárá, ó lè jẹ́ pé ó ti rí i ni pé ẹni tí kò sẹ́lòmíì tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni wọn kì í lé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tú u sílẹ̀, ẹ yí ìbéèrè ìgbéga padà: "Bí o bá gba ìsinmi oṣù kan, ta ló lè ṣe iṣẹ́ rẹ, ta ló kọ́ ọ?" Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn kò tíì tó gbé ga. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní ọdún kan ṣáájú.

Owó kọ́ ni ẹ̀san kan ṣoṣo. Ní iléeṣẹ́ Xerox, Julian Orr, onímọ̀ nípa ìgbé ayé ẹ̀dá, tẹ̀ lé àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ẹ̀dà-ìwé ṣe kiri, ó rí i pé inú ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ara wọn nígbà ìsinmi ni wọ́n ti ń kọ́ ohun tí ìwé ìtọ́ni kò sọ. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà wá ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Eureka láti máa kó ọgbọ́n wọ̀nyẹn jọ sórí kọ̀ǹpútà, orúkọ ẹni tó mú ọgbọ́n kọ̀ọ̀kan wá wà lára rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni tó dá ẹni mọ̀ sí ẹni tó gbọ́n, ẹ̀san ńlá ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe gúrúùpù WhatsApp ní ibi ìkó-ìmọ̀-sí. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ìkíni àti fídíò ti bò ó mọ́lẹ̀ kó tó di Ọjọ́rú. Ojú ìwé kan fún ọ̀ràn kan, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe gbẹ̀yìn, orúkọ ẹni téèyàn lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó tán.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ dán ìyípadà wò ní kékeré, kẹ́ ẹ sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dáwọ́ dúró

Ìmọ̀ lè wà nínú ilé kí ilé má sì lè yí padà. Steve Sasson, ẹnjiníà ní Kodak, ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù ní 1975. Fíìmù ló ń mówó wọlé fún Kodak. Ní oṣù Kìíní 2012, Kodak lọ sí kóòtù láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè. Ti Nokia tún jọ ọ̀rọ̀ wa jù. Timo Vuori àti Quy Huy, tí wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2016, rí i pé ìbẹ̀rù wà lára ohun tó ṣe iléeṣẹ́ náà: àwọn máníjà àárín ń bẹ̀rù àwọn ọ̀gá òkè, wọn ò sọ bí iṣẹ́ ṣe rí gan-an fún wọn, àwọn ọ̀gá òkè sì ń ṣèlérí lórí ohun tí kò sí. Ní 2014, ẹ̀ka fóònù Nokia di ti Microsoft.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà, ẹ mú ibì kan péré, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹ kọ ohun mẹ́ta sórí bébà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ohun tẹ́ ẹ̀ ń retí, ohun tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró, àti ẹni tó láṣẹ láti sọ pé ó tó. Bẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò pe ìdáwọ́dúró ní ìjákulẹ̀.

Tiwa ni àpẹẹrẹ tó wà nínú tábìlì mi. A gbé wọn kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀kan sọnù, bí mo ṣe bẹ̀rù rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ti fẹ́ kó gbogbo wọn padà, kí n yí kọ́kọ́rọ́, kí n sì máa sọ fún gbogbo ayé pé mo wí i. Ọmọ ìdí ẹ̀rọ ìgéwèé yẹn, tí kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dúró lórí èyí ná. Ẹ ò ṣe ní kí oníbàárà máa fọwọ́ sí méjì, ká kọ́ ọ̀kan, kẹ́ ẹ ti ìkejì mọ́lé?" Bá a ṣe ń ṣe é dòní nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń mú, àti ìgbà tó máa ń bàjẹ́

Ẹ padà sí ìwé kékeré yín ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí àlàfo ọjọ́ bá ń kéré sí i, ó ń mú. Bí iye àṣìṣe tí wọ́n ń sọ bá lọ sókè lákọ̀ọ́kọ́, ó ń mú náà ni, ẹ má fòyà. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nípa ohun tó kù díẹ̀ kó bàjẹ́ àmọ́ tí kò bàjẹ́, inú yín lè dùn wàyí.

Àmọ́ ó máa ń padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 1986, ọkọ̀ gbalasa òfuurufú Challenger ti NASA bàjẹ́ lójú ọ̀run, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ kú. Lóru ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ẹnjiníà iléeṣẹ́ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti kìlọ̀ pé òtútù lè ba rọ́bà tó dí oríkèé rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ṣèwádìí, wọ́n ṣàtúnṣe. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2003, Columbia, ọkọ̀ NASA mìíràn, tú ká bó ṣe ń padà bọ̀ wálé, àwọn méje mìíràn kú. Fóòmù kan ti já lára rẹ̀ nígbà tó ń gbéra, ó sì lu ìyẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà ti béèrè pé kí wọ́n bá àwọn ya àwòrán ìyẹ́ ọkọ̀ náà nígbà tó ṣì wà lókè. Wọn ò ya á. Ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ kọ ọ́ pé àṣà inú NASA lọ́wọ́ nínú ìjàǹbá náà gẹ́gẹ́ bí fóòmù tó lu ìyẹ́ ṣe lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọdún 17 ló wà láàárín méjèèjì.

Ìgbà méjì ló máa ń bàjẹ́ jù níbi iṣẹ́ kékeré: bí ọ̀gá tuntun bá dé, àti bí àkókò bá ń lé ẹni. Ti ọ̀gá tuntun rọrùn, ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi ìwé kékeré náà hàn án. Ti àkókò ni kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ fún. Iṣẹ́ á ti pọ̀ lọ́jọ́ náà, oníbàárà á wà lórí fóònù, ohùn rẹ̀ á ti ga. Ẹnì kan á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní jókòó. Ẹ sọ fún oníbàárà pé ẹ máa pè é padà, kẹ́ ẹ gbé fóònù náà kalẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó jókòó.